Ìwé Tí Mo Yàn fún Ọmọbìnrin Sáwàbà

Èmi kì í fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé tí èmi fúnra mi kò tíì kà. Òfin ṣọ́ọ̀bù ìwé mi ní Ayígyà, ní Kumasi, nìyẹn, mi ò sì ní òfin míì tó le tó o. Bí àpótí ìwé ìtàn tuntun bá ti dé láti Accra, ọkọ mi ti mọ̀ pé ọbẹ̀ máa jóná lọ́sẹ̀ náà. Mo máa ń kàwé nídìí káńtà, nínú ọkọ̀ akérò tí à ń pè ní trotro, àti níwájú iná nígbà tí mo bá ń retí kí omi hó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá ra bírò ti mọ̀ pé bí orí mi bá ti wà nínú ìwé, kí wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n fi owó sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ.

Kì í ṣe nítorí tiwọn ni mo ṣe ń kà á. Nítorí àwọn ọmọ girama ni, àwọn tí wọ́n ti dàgbà ju àlọ́ lọ, tí wọn ò sì tíì dàgbà tó wàhálà àwọn àgbà. Ayé ìsinsìnyí ti ro tiwọn, àwọn òǹkọ̀wé ń dìídì kọ ìtàn fún wọn, ìwé tuntun sì ń jáde láti ìgbà dé ìgbà. Àwọn ìyá wọn máa ń sọ fún mi pé ìwé ìdánwò ni kí n máa tà fún wọn. Mo ń ta ìyẹn náà, orí mi kò dàrú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ aṣọ ilé ìwé wọn tán, wọ́n á wá jókòó sórí bẹ́ńṣì tí mo gbé síta, màá sì kó ìwé tuntun jáde fún wọn. Ẹni tó bá lè rà, á rà. Ẹni tí kò bá lè rà, á yá a, á sì dá a padà ní Sátidé kejì.

Bí mo bá yan ìwé fún ọmọ kan, mo máa ń gé pépà pélébé, màá kọ ẹni tí ìwé náà wà fún sí i, màá sì kì í bọ ojú ewé àkọ́kọ́. Fún ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Fún ẹni tí wọ́n ń fi wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́. Fún ẹni tó ní òun ò fẹ́ràn ìwé. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, Yorùbá ni mo fi ń kọ tirẹ̀, kó lè mọ̀ pé èmi ni mò ń bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe tíṣà. Wọ́n máa ń ka pépà yẹn ṣáájú ìwé, àwọn kan tilẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Kí n má parọ́, ó ti ń gùn mí lórí díẹ̀. Mo ti gbà pé bí ọmọ kan bá ti gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi wọlé, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é àti ìwé tó máa bá a mu.

Bí wọ́n bá wá dá ìwé padà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: ojú ewé wo ló ti wù ọ́ kó o jù ú nù? Ẹni tó bá ní kò sí, kò kà á nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń wá láti àdúgbò Sáwàbà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò ní Kumasi, Kumasi ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí òun sí. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, á sì parí rẹ̀ ní Twi, èdè ibí, láìmọ̀. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíì ní Tamale. Bàbá rẹ̀ ń ṣòwò aṣọ lọ sí Abidjan, ó ń bọ̀, ó ń lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni ọmọ náà ń gbé, òun àti ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Hàjíà.

Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè mi máa ń dùn mọ́ mi ju ti gbogbo wọn lọ. Á ní, “Àǹtí, ojú ewé ogójì. Wọ́n ní ọmọ yẹn kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, òun ń tẹ fóònù.” Ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ṣáá pé wọ́n ní, wọ́n ní. Mi ò bi í rí pé ta ni wọ́n. Mo rò pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ni.

Lọ́dún kan, nígbà tí ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó wọlé, ọmọ náà yí padà. Kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn, kì í sì í ṣe pé ó ya aláìgbọràn. Ó ń wá bó ṣe ń wá, ó ń kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe ń kí mi, ṣùgbọ́n bí mo bá bi í ní ojú ewé, á ní, “Kò síbì kankan, Àǹtí.” Mo wò ó, mo ní ọmọ yìí nílò ẹ̀rín. Mo fún un ní ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń du ipò olórí akẹ́kọ̀ọ́ tó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ó dá a padà. Mo fún un ní ti ọmọkùnrin tó ń dáná ní ìkọ̀kọ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà mọ̀. Ó dá ìyẹn náà padà, kò síbì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú díẹ̀, bíi pé ọmọ náà ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ mi.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ìyá kan láti Sáwàbà wá ra ìwé ìṣirò fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀, mo bi í bóyá ó mọ ọmọbìnrin tó máa ń wá yẹn. Ó mi orí, ó ní ọmọ náà mà ṣeni láàánú, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló pa bàbá rẹ̀ ní Abidjan ṣáájú ààwẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí lọ́jọ́ náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ó gba ìwé ìṣirò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ìyókù, èmi náà ò sì bi í.

Inú mi bàjẹ́. Oṣù méjì ni mo fi ń kó ẹ̀rín lé ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ lórí.

Nígbà tí àpótí míì dé, mo rí ohun tí mò ń wá nínú rẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé náà kọ ni. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí bàbá náà kú, ọmọ yìí ń fọ ẹ̀wù rẹ̀ kan ní gbogbo Sátidé, á sá a sórí okùn níta, kí àwọn tó ń kọjá lè rò pé bàbá òun wà nílé. Mo sunkún nídìí káńtà débi pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ra bírò bi mí pé ta ló kú. Mo ní ọkùnrin kan nínú ìwé ni. Ó wò mí, ó sanwó bírò rẹ̀, ó sì yára jáde.

Mo gé pépà mi, mo kọ ọ́ sí i pé: Fún ẹni tí bàbá rẹ̀ kò ní padà wá. O lè sunkún. Mo ti sun tèmi.

Ní Sátidé, mo pe ọmọ náà wọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo fún un ní ìwé náà. Ó ka pépà náà. Ó kà á fún ìgbà pípẹ́ ju bí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó lọ. Ó ká a kékeré, ó sì fi sí àpò. Ó ní, “Àǹtí, ta ló sọ fún yín?” Mo ní mo gbọ́ ni. Ó la ẹnu bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan, àwọn ọmọ kan wọlé, ó dúpẹ́ ní Twi, “Medaase,” ó sì lọ. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni inú mi fi ń dùn sí ara mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò rí i rí. Ó ń ta ìkòkò ní ọjà Kejetia, eruku ọjà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé pépà mi ka orí káńtà, omi ti rẹ ẹ́. Ó ní ibi tí òun ti ń fọ aṣọ ọmọ náà lòun ti bá a lápò.

“Ìyá oníwèé, wallahi, mi ò wá jà,” ó ní. “Hàjíà ò mọ̀. A ò tíì túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún un.”

Mo jókòó. Yorùbá ni mí, ṣé ó yẹ kí ẹnì kan tún máa kọ́ mi ní èyí? Nígbà tí àbúrò bàbá mi kú sí òkè òkun, ọdún mẹ́rin ni ìyá àgbà wa fi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú un bọ̀ láyọ̀, tí gbogbo ilé ń ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. A kì í ṣàdédé sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo mọ gbogbo èyí, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá, nítorí ojú ìwé nìkan ni mo fi ń wo ọmọ náà.

Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn àgbà ìdílé ló pàdé tí wọ́n fẹnu kò sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru Hàjíà. Fóònù bàbá ọmọ náà ti sọnù ni wọ́n sọ fún un, ọjà ò jẹ́ kó ráyè wálé. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sunkún nínú ilé. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé, ọmọ náà fẹ́ figbe ta, òun sì sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“Mo bò ó lẹ́nu,” ó ní, “láti ọjọ́ náà, kò tíì sunkún. Kò sun níwájú mi, kò sun lẹ́yìn mi. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ bó bá ń wẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Òun fúnra rẹ̀ wá bú sẹ́kún níwájú mi, ó ṣe tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú. Mo dì í mú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ ìyókù. Gbogbo ìwé tí mo ń fún ọmọ náà láti ọdún méjì, Hàjíà ló ń kà á fún. Lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n á tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ọmọ á máa wo èdè Òyìnbó nínú ìwé, á máa sọ ọ́ ní Yorùbá síta, títí wọ́n á fi pe ìrun màgàríbì. Hàjíà ni “wọ́n” tó ń bínú sí ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní ìwé awakọ̀ yẹn ni wọ́n wà lórí rẹ̀ báyìí. Òun kò lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ kí Hàjíà má bi òun nídìí, ó sì gbọ́dọ̀ padà lọ palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́. Bí oníwèé bá wá gba ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ta ló máa fura?

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo mú ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan lọ́wọ́, ìwé tó pa mí lẹ́rìn-ín, láti fi pààrọ̀. Trotro wa há sí Anloga Junction lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń já pákó, àwọn tó ń já a kò kánjú, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dúró mu omi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn ín, mò ń bẹ Ọlọ́run lójú ọ̀nà pé kí ọmọ náà má tíì dé ibi òkú. Ibi òkú kò jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo fi dé Sáwàbà, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Hàjíà wà lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà jókòó tì í, ìwé ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí Hàjíà, mo ní kí wọ́n má bínú, mo ṣèèṣì fún wọn ní ìwé ẹlòmíì ni, mo sì ti mú èyí tó dùn jù ú lọ wá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí onítọ̀hún ní sùúrù, àwọn ti wọ inú ìwé náà jìnnà. Ó fi ọwọ́ lu ẹní pé kí n jókòó. Ọmọ náà wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ nǹkan kan.

Ó ń kà á lọ. Ó ní bàbá ọmọ inú ìwé náà rìnrìn àjò, ibi tó lọ jìn, nẹ́tíwọ́kì ibẹ̀ kò dáa. Kò sí nẹ́tíwọ́kì nínú ìwé yẹn. Ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gbé bàbá náà sínú ilẹ̀ ni, mo sì ń rí ìka rẹ̀ tó ń tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ń wo òkú, ó ń sọ àjò. Ó dùn mí dé egungun, nítorí mo rí i pé bó ṣe ń gbé nínú ilé yẹn láti oṣù méjì nìyẹn.

Ó dé ibi ẹ̀wù, kò sì rí bó ṣe máa fò ó, nítorí ẹ̀wù náà ni gbogbo ìtàn. Ó ní ọmọ náà ń fọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Hàjíà gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní bàbá kò sí nílé, ta wá ló wọ ẹ̀wù tó fi dọ̀tí? Ọmọ náà ní ó kàn ń fọ̀ ọ́ ni. Hàjíà ní lẹ́ẹ̀kan? Ọmọ náà ní rárá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Hàjíà wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ó ní, “àbí wọ́n ti sọ fún ẹ ni?”

“Kí ni, Hàjíà?”

“Ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi.”

Hàjíà wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ nǹkan ọjọ́ pípẹ́, pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lòun ti mọ̀. Kò sí ẹni tó bá òun jiyàn mọ́. Bí òun bá ní iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀, wọ́n á ní ẹ má bínú, Hàjíà. Ọmọ òun obìnrin tí kì í gbà fún òun láti kékeré, ó ń gbà fún òun lórí ohun gbogbo. Ọmọ òun ọkùnrin sì rèé, kò sí Jímọ̀ kan tí kì í pe òun wá ráhùn nípa inú rírun. Fóònù lè sọnù, ṣé inú rírun náà sọnù ni? Òun ń sun tòun nínú ìrun òru, òun sì ń rẹ́rìn-ín lójúmọmọ.

“Nítorí tìẹ ni,” ó ní. “Mò ń wo ojú rẹ lójoojúmọ́, mi ò rí omi níbẹ̀. Mo ní ọmọ yìí kò tíì gbọ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ.”

Ọmọ náà ṣì di ìwé náà mú.

“Ṣí i padà sí ibi tó o ti yí i,” ni Hàjíà wí. “Kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́.”

Ó ṣí i padà, ojú ewé mélòó kan. Ó kà á ní Yorùbá, ó ní bàbá ọmọ náà kú, ó ní wọ́n gbé e sínú ilẹ̀, ọmọ náà kò sì mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Hàjíà ní, “Ta ló kú?”

“Bàbá rẹ̀.”

“Ta tún ni?”

Mo rò pé kò ní lè sọ ọ́. “Bàbá mi,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì já sí Twi pé bàbá òun ti kú, “me papa awu, Hàjíà, me papa awu.” Igbe tí wọ́n bò mọ́ ọn lẹ́nu láti oṣù méjì wá jáde, àwọn ará ilé kejì yọjú. Hàjíà fà á mọ́ra, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pe ọmọ tirẹ̀ tó kú ní orúkọ kékeré kan tí ó dájú pé ẹlòmíì kò pè é rí. Ó ń sunkún, kò dákú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru pa á. Èmi ń sunkún pẹ̀lú wọn, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n bẹ̀bẹ̀ tàbí kí n dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò bàbá ọmọ náà ti ọjà dé bá wa. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí pẹ̀lú báàgì lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun tirẹ̀.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Hàjíà fi ìborùn rẹ̀ nu ojú ọmọ náà, ó nu tirẹ̀. Ó na ìwé náà sí mi.

“Ìyá oníwèé,” ó ní, “ojú wa ò ríran mọ́. Ẹ bá wa kà á parí.”

Mo gbà á. Mo kà á fún wọn títí wọ́n fi pe ìrun, mi ò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà.